Ọkọ̀ Kékeré Ni Mo Háyà

Ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ háyà bi mí pé,
"Màmá, yàrá mélòó lẹ fẹ́ kó?"
Mo ní mẹ́ta, ó tún ku ahéré ẹ̀yìnkùlé.
Ó nawọ́ sí gàgàrà kan tó funfun bí eyín ọmọdé,
ilé odidi lórí táyà,
irin ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gòkè, bí ahọ́n ajá tí oòrùn pa.
Ó ní èyí á gba gbogbo ayé yín.
Mo rántí òpópónà wa ní Sheffield,
gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ gan-an ń fi ẹ̀yìn wọ̀.
Mo rántí láísẹ́ǹsì mi,
tí ìjọba ní kò gbọdọ̀ kọjá tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀.
Mo nawọ́ sí aláwọ̀ eérú tó sápamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.
"Èyí? Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa lọ nìyẹn."
Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ́ lọ.

Ìbídùnní pè láti Kánádà:
Mọ́mì, ẹ gba ńlá, ọgbọ̀n pọ́n-ùn péré ni wọ́n fi jura lọ.
Kò mọ̀ pé kì í ṣe owó ni mo ń ṣọ́.
Àyè ni mo ń sá fún.
Ẹ wo ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe sí ilé tó láyè.

Ẹ bá mi ká lọ sí ahéré.
Jẹnẹrétọ̀ kan, inú páálí ló ṣì wà.
Táìsì ilẹ̀, páálí mọ́kànlá, mẹ́ta ti fọ́.
Iná àjà tó so jìngbìnnì bí èso, tí kò tíì tàn rí.
Ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń dán bíi wúrà, méjìlá géérégé.
Ti ilé ni gbogbo wọn,
ilé tí a fẹ́ kọ́ sí Ìpetumodù.
Oyèníran á ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé owó iná:
balùwẹ̀ rèé, yàrá àlejò rèé,
ibí ni àwọn ọmọ-ọmọ á máa sùn.
Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀.
Lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ̀ ní sìmẹ́ǹtì ti wọ́n.
Lẹ́yìn náà, igbó ní tòun nilẹ̀.
Lẹ́yìn náà, Oyèníran fúnra rẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun
ní City Road, lórí òkè, yàrá kan ṣoṣo,
kò sí ẹnu ẹ̀rọ níbẹ̀.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Mo gbọ́.
Oko tó gba ọgbọ̀n ọdún ńkọ́?

Mo fi tẹ́ẹ̀pù funfun lẹ ìwọ̀n ọkọ̀ náà mọ́ kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀:
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún.
Ohun tó bá wọ inú ìlà ń bá mi lọ sí Chesterfield.
Bẹ́ẹ̀dì wọlé. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé.
Ìkòkò mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án.
Àga Oyèníran jókòó lórí ìlà gan-an,
ìdajì nínú, ìdajì níta,
ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yí i ká bí adájọ́ tí kò mọ ẹjọ́ dá.

Clive tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ń gbin kábéèjì sórí ilẹ̀ káńsù,
ní ẹnu ẹ̀rọ òun lóko ń jò.
Mo ní kó mú méjìlá.
Ó ní kí ni kábéèjì fẹ́ fi balùwẹ̀ méjìlá ṣe?
Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú.
Ó mú ẹyọ kan.

Káńsù gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Iná àjà di ti ṣọ́ọ̀bù aláàánú,
pọ́n-ùn mẹ́jọ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára.
Àga? Mo yọ ìkòkò kan, mo gbé e wọlé.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, mo rọra gba ẹ̀bá oko Clive kọjá.
Wúrà kan ń kọ yànràn lórí òpó igi,
omi ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ẹrẹ̀ ti dé bàtà bàbá náà.
Mo wo àga inú dígí, n kò rí i, mátírẹ́ẹ̀sì bò ó.
Síbẹ̀ mo sọ fún un:
Oyèníran, omi ti dé o.